Ihò Mẹ́rin Nínú Kòtò Páànù

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àwo ìntánẹ́ẹ̀tì dé, oòrùn ń ràn, ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ aránṣọ, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ogójì aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì ló wà nílẹ̀. Ọsibítù ò gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un rí, bó bá sì ṣe é dáadáa, tirẹ̀ ni yóò máa jẹ́ lọ́dọọdún.

Ọkọ rẹ̀, tí àdúgbò ń pè ní Mo-lè-ṣe-é, ti gbé àkàbà. Ìyàwó ní kó pe káfíńtà. Ọkọ ní ṣé torí ihò mẹ́rin péré? Ó gun òrùlé, ó wá ibi tí ẹsẹ̀ àwo ti lè jókòó dáadáa, ibẹ̀ sì ni kòtò páànù tí omi ń gbà ṣàn. Ó lu ihò mẹ́rin sí i, ó de àwo mọ́lẹ̀ gbọin. Ìntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Àgbà ọ̀jẹ̀ bá ń rìn gbẹndẹkẹ.

Lọ́jọ́ kẹta, òjò rọ̀. Òkè pálọ̀ ni àwo wà, pálọ̀ sì gbẹ táútáú. Yàrá ìránṣọ lópin ilé lọ́hùn-ún ni àjà ti ń kán tó, tó, tó. Ọ̀rọ̀ náà dojú rú mọ́ aránṣọ lọ́wọ́. Ọkọ ní táńkì omi tó wà lókè àjà ló ń jò. Wọ́n ti táńkì pa, omi ò dáwọ́ dúró. Ọkọ tún ní eku ló ń tọ̀.

"Eku wo nìyẹn, Baba? Àbí ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe é ni?"

Aránṣọ kó aṣọ sápá ọ̀tún, omi bá a débẹ̀. Ó kó o sápá òsì, ó tún kán síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ojú òun ló ń ṣe òun. Mo-lè-ṣe-é padà sókè, ó da ọ̀dà dúdú sórí páànù tó bo yàrá ìránṣọ. Nígbà tí òjò kejì dé, àjà tó ti mumi yó já lulẹ̀ gbì, omi aláwọ̀ ìpẹtà sì bo aṣọ mẹ́tàdínlógójì tó ti parí.

Káfíńtà tí wọ́n ì bá ti pè ló wọ inú àjà lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó nuwọ́.

"Ta ló lu kòtò páànù?"

Ìyàwó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ibi tómi ti wọlé kọ́ ló ti ń kán, Màmá. Òkè pálọ̀ ló ti wọlé, ó tẹ̀ lé igi òrùlé, òrùlé yín sì dagẹrẹ síbí. Ibi tí páànù ti ga là ń lu, tí igi sì wà lábẹ́ rẹ̀. Rọ́bà á wà lábẹ́ orí ìṣó, a ó fi gọ́ọ̀mù tó ń dí omi yí i ká. Wáyà náà gbọ́dọ̀ rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ ògiri, kómi lè kán síta. Bẹ́ ẹ bá sì ní ẹ̀yìnkùlé tí igi ò bojú ọ̀run, ẹ ri òpó mọ́lẹ̀ fún àwo, kẹ́ ẹ fi òrùlé sílẹ̀ jẹ́ẹ́."

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì dé, ó gbé aṣọ kan, ó wo àbàwọ́n rẹ̀, ó ká a padà, ó sì gbé iṣẹ́ náà lọ bá ẹlòmíràn. Àwo ti wà lórí òpó báyìí. Mo-lè-ṣe-é ló di àkàbà mú fún káfíńtà.

"Baba, ẹ ti ṣe é," ni ìyàwó wí, ó sì bo ẹ̀rọ rẹ̀.

Ìwọ tó o gbé àkàbà lọ́wọ́, sọ ọ́ kalẹ̀ ná. Béèrè ibi tí igi wà, béèrè ibi tí omi ń gbà. Ẹni tó bá tijú béèrè, òjò ò ní tijú wọlé rẹ̀.