Rúlà Oníyanrìn

Òòlù ni Apàlọ́ kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọwọ́ tó dì í mú, kó sì tó rí ojú obìnrin tó ni ọwọ́ náà. Òòlù lọ sókè, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, ó sì balẹ̀ gbàgà sórí ohun tí Apàlọ́ ti fi oṣù méje yà sórí ìwé.

"Ẹ dúró! Ẹ dákun, ẹ dúró níbẹ̀!"

Obìnrin náà kò dúró. Ó tún fún un ní ẹyọ kan sí i, ère yanrìn náà sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ìgbà náà ló tó yíjú. Yanrìn ti sọ gbogbo ojú rẹ̀ di funfun, àfi ẹyinjú méjèèjì tó dúdú, tó ń dán, tó sì ń wo Apàlọ́ láti òkè dé ilẹ̀.

"Ta ni yín?"

"Èmi ni mo ya nǹkan tí ẹ fọ́ yẹn."

"Áà, ẹ̀yin náà rèé. Mo ti ń wá ẹni tó ya ọrùn tín-ín-rín báyìí fún yanrìn." Ó ṣa ẹ̀rún kan nílẹ̀, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. "Ẹ wò ó, ó ti là. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n da irin lé e bẹ́ẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì yín máa sunkún lójú títì?"

Apàlọ́ wo ẹ̀rún náà títí. Ó là lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé bóyá òòlù ló là á. Bí ìfẹ́ àwọn méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ọ̀kan ń fura, èkejì ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ló sọ ọ́ ní Apàlọ́, nítorí kò lè rí ohun tó díjú kó má tú u wò. Orí ẹ́ńjìnnì ló ń yà níbi iṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọ̀tọ̀ ni orí ẹ́ńjìnnì, ọ̀tọ̀ ni páìpù tí wọ́n dè mọ́ ọn láti kó èéfín jáde. Apàlọ́ ní òun ò fẹ́ páìpù. Ó fẹ́ kí ọ̀nà èéfín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé nínú orí náà fúnra rẹ̀, kí omi sì máa ṣàn lókè wọn àti nísàlẹ̀ wọn, kí ooru má bàa bà wọ́n jẹ́. Ẹ́ńjìnnì á fúyẹ́, á sì tètè gbóná ní àárọ̀ tí òtútù bá mú.

Ọ̀nà omi yẹn ni obìnrin tí gbogbo ilé ìyọ́rin ń pè ní Oníyanrìn ń ṣe. Á po yanrìn mọ́ gọ́ọ̀mù, á sun ún nínú ààrò títí á fi le bí òkúta, á sì gbé e sínú mọ́ọ̀dù, ìyẹn àpótí tí irin yíyọ́ ti ń gba ìrísí. Wọ́n á da álúmíníọ̀mù yíyọ́ yí i ká. Bó bá tutù tán, wọ́n á gbọn yanrìn náà jáde. Àyè tó fi sílẹ̀ ni omi á máa gbà.

"Ẹ ò rí ayé mi?" ó wí fún Apàlọ́ lọ́jọ́ kejì. "Gbogbo ohun tí mo bá fọwọ́ mi ṣe, dídà ni wọ́n ń dà á nù."

"Àyè tó fi sílẹ̀ ńkọ́?"

Obìnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí, ibi tó nù sì hàn, ó dúdú, ó ń dán. "Ẹnu yín dùn," ó ní. "Ẹni tẹ́nu ẹ̀ bá dùn, mo máa ń ṣọ́ ọ."

Láti ọjọ́ náà, Apàlọ́ ò ṣàì ní ìdí tó fi gbọ́dọ̀ dé ilé ìyọ́rin. Lónìí, ó fẹ́ wo ọrùn ère. Lọ́la, ó fẹ́ mọ bí ààrò ṣe gbóná tó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Ó tiẹ̀ ń pè é ní Adúmáadán, obìnrin náà á sì ju ẹ̀kúnwọ́ yanrìn lù ú.

Lọ́jọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi ọ̀nà èéfín hàn án nínú mọ́ọ̀dù, rúlà bọ́ lápò rẹ̀, ó já sínú ìkòkò irin yíyọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Oníyanrìn yọ rúlà irin kan láti inú àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ lára rẹ̀. Àmì tó wà létí rẹ̀ ti ń parẹ́.

"Ti bàbá mi ni. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi gbẹ́ ère igi fún mọ́ọ̀dù, òun ni wọ́n sì ń lò. Gbà á, kó o lè rí àwáwí wá dá a padà."

Apàlọ́ tì í bọ inú àpò rúlà rẹ̀. Ó yọrí díẹ̀, bí ẹni ń yọjú lójú fèrèsé. Ti àtijọ́ kì í yọrí. Ọkùnrin tó máa ń tú gbogbo nǹkan kò tú ìyẹn. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lójú.

Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Olùfura ni. "Orí mẹ́ta péré ni mo fún ọ," ó ti wí fún un. "Èyí tó bá lo ọgọ́rùn-ún wákàtí lórí iná láìlà, a ó tà á. Bí ẹ̀kẹta bá là, a padà sí páìpù nìyẹn, ìwọ náà sì padà sídìí yíya nọ́ọ̀tì àti bóòtù."

Orí àkọ́kọ́ là ní wákàtí kọkàndínlógún. Èkejì là ní wákàtí kọkànlélógún, níbì kan náà gan-an, láàárín ọ̀nà èéfín kejì àti ẹ̀kẹta.

"Ẹ̀ẹ̀kan, a lè ní àgbákò ni," Ọ̀gá wí, ó sì ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. "Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹnìkan wà nídìí ẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ oníyanrìn yẹn, ẹ̀ṣọ́ wa rí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń jáde látinú ọgbà àwọn tó ń bá wa díje. Ó gbé àpò kan lé èjìká. Kí ló wà nínú àpò yẹn, Apàlọ́?"

Apàlọ́ ò mọ̀. Ohun tó sì bà á nínú jẹ́ nìyẹn, pé òun ò mọ̀. Ó fi ayùn la orí ẹ́ńjìnnì kejì sí méjì, ó gbé rúlà lé e. Láti ihò àkọ́kọ́ dé ihò omi tó kẹ́yìn, ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ló yà á. Rúlà ní kò pé. Mílímítà mẹ́rin ló dín. Ó tún un wọ̀n. Mẹ́rin. Ẹnìkan ti sún ọ̀nà omi kúrò níbi tóun fi í sí, omi ò sì dé ibi tí iná ti ń jó. Ta ló sì ń fọwọ́ kan yanrìn, bí kì í bá ṣe ẹnìkan ṣoṣo?

Ó lọ bá a.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, níbo lo lọ?"

Oníyanrìn rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta ló sọ fún ọ? Má béèrè. Wàá rí i tí àsìkò bá tó."

"Kí ni màá rí?"

"Apàlọ́, ìwọ náà jẹ́ kí ẹlòmíràn pa àlọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kan."

Bó bá ti bínú ni, bóyá Apàlọ́ ì bá gbà á gbọ́. Ẹ̀rín yẹn ló pa á. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n oògùn téèyàn bá mu jù, májèlé ni. Ó padà sí ọ́fíìsì, ó kọ lẹ́tà ìdajì ojú ewé: ohun tó wọ̀n, ohun tó dín, àti orúkọ ẹni tó ń ṣe ère yanrìn. Ọ̀gá fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kà á sí Oníyanrìn létí níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìyọ́rin. Ó tú épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó gbé e lé orí ààrò tó ti tutù, ó sì lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Apàlọ́ tẹ́ àwòrán rẹ̀ sórí tábìlì, èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde ní ìwọ̀n orí ẹ́ńjìnnì gan-an. Ó fẹ́ sún ọ̀nà omi díẹ̀ fún ẹlòmíràn tó máa ṣe ère ẹ̀kẹta. Ó gbé rúlà lé ìwé náà, láti ihò àkọ́kọ́ dé ihò tó kẹ́yìn.

Mílímítà mẹ́rin ló dín.

Ó jókòó. Kò sí yanrìn nínú ìwé. Kò sí ẹni tó fi ayùn gé ìwé. Ó dìde, ó yá rúlà ẹni tó jókòó tì í, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Oníyanrìn. Ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lórí èyí, ọgbọ̀n lórí tọ̀hún; ṣùgbọ́n ti Oníyanrìn fi mílímítà mẹ́rin gùn jù ú lọ. Ó gbé e sún mọ́ fìtílà tábìlì, ó ka àmì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ létí rẹ̀: *fún ìsúnkì*.

Irin máa ń súnkì bó bá ń tutù. Apàlọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti ka iye rẹ̀ nínú ìwé, ó sì ti fi í yege ìdánwò. Ohun tí kò mọ̀ ni pé àwọn tó ń gbẹ́ ère kì í ṣírò rẹ̀. Rúlà tó ti gùn jù tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń lò, kí ohun tí wọ́n bá ṣe lè tóbi díẹ̀, kó sì wá súnkì dé ìwọ̀n tó tọ́. Rúlà yẹn ló fi wọn irin tó ti súnkì tán. Ohun gbogbo ló pé pérépéré. Òun nìkan ló dín.

Nígbà tó dé ilé Oníyanrìn, bàbá obìnrin náà ló wà níwájú ilé, ó ń fi ìfági fá igi. Bàbá náà ò gbójú sókè.

"Ẹ káàsán, bàbá."

"Ìwọ lonílẹ́tà?"

"Èmi ni, sà."

"Mo mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ ń rìn bí ẹsẹ̀ ẹni tó jẹ̀bi. Ó wà lẹ́yìn."

Oníyanrìn ń sá aṣọ. Apàlọ́ na rúlà méjèèjì sí i. Obìnrin náà wo rúlà, ó wo ojú Apàlọ́, ọ̀rọ̀ náà sì yé e. Ẹ̀rín gbé e, ṣùgbọ́n ó gbé e mì.

"Ẹni tó ya orí ẹ́ńjìnnì! Mo rò pé o mọ̀ ni."

"Mi ò mọ̀. Mi ò sì béèrè."

"Àpò ọjọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́? Ìyẹn náà, o ò béèrè pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ibi tí mo lọ lo béèrè." Ó nawọ́ sí igun ilé. Àpò kan wà níbẹ̀, tó kún fún yanrìn tó kúnná bí àtíkè. "Àwọn nìkan ló ní irú ẹ̀. Mo lọ tọrọ rẹ̀ nítorí ọrùn tín-ín-rín tí o yà, kó má bàa là mọ́. Mo fẹ́ fi bá ọ lójijì."

Apàlọ́ ò rí ibi gbé ojú sí. "Dáríjì mí, Adúmáadán."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti kà mí sí ọ̀dàlẹ̀ ni kí o ti lọ kà mí sí ẹni rere. Lẹ́yìn náà ká tó mọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Apàlọ́ dúró láàárín ilé ìyọ́rin, Ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé rúlà méjì sókè, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ìkankan pamọ́. Ẹnìkan pariwo lẹ́yìn pé, "Yunifásítì ò!" Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa, kò dalẹ̀," Ọ̀gá wí. "Kí ló wá ń la orí mi?"

"Ẹ gbé èyí tí ẹ là sí méjì wá," Oníyanrìn wí látẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó dé.

Ó ti ìka bọ inú ọ̀nà omi, láàárín ọ̀nà èéfín kejì àti ẹ̀kẹta. Nígbà tó yọ ọ́, ẹfun funfun wà lórí ìka náà. "Apàlọ́ ń wọn nǹkan, kò wo nǹkan. Omi ń hó níbí, òun ló fi ẹfun yìí sílẹ̀. Òrùlé ibẹ̀ ga ju ọ̀nà àbájáde lọ, ooru omi há sókè, omi tútù ò sì ráyè dé ibẹ̀ mọ́. Bí mo bá ń ṣe ère, mo máa ń lu ihò sí i kí afẹ́fẹ́ lè jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ irin á bú gbàù. Ọ̀nà omi rẹ yìí, Apàlọ́, kò nímú."

Apàlọ́ wo ìka rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ló ti fi ń ṣe orí yìí, ìka kan ló wá rí ohun tí kò rí. Kò bínú, ńṣe ló dà bíi pé ẹnìkan ṣí fèrèsé fún un.

Wọ́n jókòó ti ara wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Apàlọ́ ya ihò kékeré kan sí òrùlé ọ̀nà omi. Oníyanrìn fi yanrìn kíkúnná ṣe é, tín-ín-rín bí ìka ọmọdé. Bí Apàlọ́ bá na pẹ́ńsù sí i, á gbà á. Bí obìnrin náà bá rẹ́rìn-ín, Apàlọ́ á wojú rẹ̀ wò bóyá ẹ̀rín gidi ni.

Orí ẹ̀kẹta kọjá wákàtí kọkàndínlógún. Ó kọjá ogójì. Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, ó pé ọgọ́rùn-ún wákàtí. Ọ̀gá fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń wá ibi tó là. Nígbà tí kò rí i, ó ṣe bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

"Adúmáadán," Apàlọ́ wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dán omi gbígbóná wò.

"Mo gbọ́," Oníyanrìn dáhùn.

Lọ́jọ́ Sátidé, Apàlọ́ jókòó níwájú bàbá Oníyanrìn. Bàbá gbọ́ ohun tó bá wá, ó mi orí, ó sì gbé rúlà méjì lé tábìlì, èyí tó gùn àti èyí tí kò gùn.

"O ní o fẹ́ fẹ́ ọmọ mi. Kò burú. Wọn tábìlì yìí fún mi."

Oníyanrìn fara ti òpó ilẹ̀kùn, ó pa ẹnu mọ́. Apàlọ́ na ọwọ́ sí rúlà kan. Ó dá ọwọ́ dúró. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Kí la fẹ́ fi tábìlì náà ṣe?"

"Àwa méjì la máa jókòó jẹun nídìí ẹ̀," Oníyanrìn dáhùn. "Bí o bá ṣèlérí pé wàá máa béèrè báyìí."

"Mo ṣèlérí."

"Èmi náà ò ní fi nǹkan pamọ́ fún ọ mọ́ lórúkọ pé mo fẹ́ bá ọ lójijì."

Bàbá gbé rúlà tó gùn, ó tì í sí Apàlọ́ láyà. "Ojú mi ṣì wà lára rẹ o. Gbà. Ẹni tó bá ti ṣàṣìṣe pẹ̀lú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló mọ bí a ṣe ń lò ó."

Apàlọ́ tì í bọ inú àpò rúlà rẹ̀. Ó ṣì yọrí díẹ̀. Oníyanrìn na ìka, ó kàn án lórí, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.