Ẹni Tí Wọ́n Fi Ṣọ́ Báàgì

Oyèníkẹ́ fi síkáàfù di ojú ara rẹ̀ pinpin, ó fi ọwọ́ òsì di okùn mú, ó sì sáré. Ó ṣubú. Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò ní orúnkún, ó tún sáré. Láti ara ògiri kíláàsì dé ìdí igi fúrúùtù ni ó na okùn náà sí, nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Agége. Shukurat, ọmọ kíláàsì kẹta tí ojú rẹ̀ kò ríran, ni yóò di okùn náà mú sáré lọ́la. Oyèníkẹ́, tíṣà rẹ̀, kò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ṣubú kí òun tó mọ ibi tí okùn ti dẹ̀.

Nígbà tí ó tún gbéra, ènìyàn ni ó kọlù. Àwọn méjèèjì wó lulẹ̀, bọ́ọ̀lù sì yí jáde nínú àpò tí ọkùnrin náà gbé kọ́ èjìká.

"Ṣé ẹ kò lè yà ni?" Oyèníkẹ́ já síkáàfù kúrò lójú. "Ẹ sì rí mi tí mò ń bọ̀!"

"Mo rí yín, Tíṣà. Ẹsẹ̀ kan ti yà. Ó ń dúró de èkejì ni."

Ìgbà náà ni ó rí i pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì kúrú. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì, ẹ̀rín ni ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin náà bá a rẹ́rìn-ín. Gbénró ni orúkọ rẹ̀, ṣúmékà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Dópèmú. Òun ni ó ń rán bọ́ọ̀lù tó bá ya fún ilé-ẹ̀kọ́ náà.

"Kí lẹ dijú sáré fún, bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé?"

Oyèníkẹ́ ṣàlàyé. Bí ó bá ti di àkókò eré ìdárayá, àwọn ọmọ tí kò lè sáré máa ń jókòó sábẹ́ igi láti ṣọ́ báàgì àwọn yòókù. Òun kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Gbénró wo abẹ́ igi náà. "Èmi náà ṣọ́ báàgì, láti kíláàsì kìíní títí mo fi jáde. Tíṣà wa ní torí pé mo ṣeé fọkàn tán ni."

Ó lọ, ó rán ṣaworo sínú bọ́ọ̀lù kan. Bí bọ́ọ̀lù náà ti ń yí ni ó ń dún. Shukurat dẹ etí sí i, ó gbá a, ó sì pariwo bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Oyèníkẹ́ fi òpin sí kí àwọn ọmọ ńlá máa ṣa ẹni tí wọ́n fẹ́ sí ẹgbẹ́ wọn, kí ọ̀kan máa ṣẹ́kù tí ẹnikẹ́ni kò mú. Ẹni tó bá lè dúró, kó dúró ṣeré. Ẹni tó bá jókòó, kó jókòó ju bọ́ọ̀lù. Àwọn tíṣà kan ní ó ń fi àkókò ṣòfò. Ó lọ tún okùn so le. Iṣẹ́ ń bẹ níwájú rẹ̀.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Gbénró ń wá.

"Bọ́ọ̀lù kankan ò ya lónìí o."

"Mo mọ̀. Mo wá wò ó bóyá ó máa ya ni."

Kí ọyẹ́ tó lọ, wọ́n ti jọ ń rìn dé Dópèmú ní ìrọ̀lẹ́. Oyèníkẹ́, tí ó máa ń yára rìn, kọ́ bí a ti ń rọra.

"Níkẹ̀ẹ́, mo fẹ́ ọ."

"O kò tíì mọ bí mo ṣe ń bínú."

"O ti gbá mi lulẹ̀ rí. Kí ló tún kù?"

Ó gbà. Ṣùgbọ́n kò mú un dé ilé wọn ní Ìfàkọ̀. Opó ni ìyá rẹ̀, àgbà obìnrin nínú ìjọ Aládùúrà kan níbẹ̀, ó sì ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọkùnrin tí ara rẹ̀ pé ni ọmọ òun yóò fẹ́. Oyèníkẹ́ tí kò bẹ̀rù ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rù ìyá rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìdíje eré àwọn ọmọ, Màámi wá wòran. Gbénró wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Ó rí i pé ìyá Oyèníkẹ́ ni, ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò gbọ́ràn dọ̀bálẹ̀.

"Ta nìyí?" Màámi bi ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu Oyèníkẹ́. Ó gbé e mì. "Ẹni tó ń bá wa rán bọ́ọ̀lù ni, Màámi." Ó wá ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó gba báàgì ìyá rẹ̀, ó nà án sí Gbénró. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú un dání."

Bí ó ti sọ ọ́ tán ni ó mọ ohun tí òun ṣe.

Gbénró gba báàgì náà. Ó jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù, ó gbé e lé itan títí eré fi parí. Shukurat di okùn mú sáré dópin, gbogbo ọgbà hó yèè. Oyèníkẹ́ kò rí i. Omi kún ojú rẹ̀.

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, Mà," Gbénró fi ọwọ́ méjèèjì dá báàgì padà. "Kò sí ohun tó sọnù."

Kò wá ní Ọjọ́bọ̀. Kò wá mọ́. Oyèníkẹ́ lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń kan gìgísẹ̀ bàtà, kò sì dáwọ́ dúró.

"Gbénró, bá mi jà."

"N kò lágbára ìjà. Àwọn tó gbé báàgì fún mi nílé-ẹ̀kọ́ kò fẹ́ràn mi. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìwọ fẹ́ràn mi, o sì gbé e fún mi."

"Dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi nìkan ni yóò máa gbọ́ pé o fẹ́ mi, má wá síbí mọ́."

Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà ìjẹ́rìí nínú ìjọ, Oyèníkẹ́ dìde nínú sùtánà funfun rẹ̀.

"Mo ní ẹni tí mo fẹ́. Gbénró ni, ṣúmékà ní Dópèmú. Rọpárọsẹ̀ mú un ní kékeré. Mo sẹ́ ẹ lójú ìyá mi. Lónìí, mo jẹ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo yín."

Ènìyàn díẹ̀ ṣe "Halelúyà." Màámi tẹjú mọ́lẹ̀.

Nílé, kò pariwo. Ó ń ká aṣọ ọmọ rẹ̀ sínú àpótí, ó ń tẹ́ apá wọn dáadáa, bí ìgbà tí ènìyàn ń di ẹrù fún ọmọ tó ń lọ gbé ní ilé-ẹ̀kọ́.

"Màámi, ẹ kò tíì bá a sọ̀rọ̀ rí."

"N kò sì ní bá a sọ. Èmi nìkan ni mo tọ́ ọ látìgbà tí bàbá rẹ ti kú, Oyèníkẹ́. N kò ní bá ọ jókòó níbi ìtìjú."

Wọ́n lọ ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù ní Ìkẹjà. Fúnmilọ́lá, ẹ̀gbọ́n Gbénró, jókòó lọ́wọ́ ọkọ. Àga ọwọ́ ìyàwó ṣófo. Wọ́n pe orúkọ wọn; Oyèníkẹ́ ní kí àwọn mìíràn kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n tún pè wọ́n. Ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé kí a padà wá lọ́jọ́ mìíràn?" Gbénró bi í wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Bóyá Màámi yóò rọ̀."

"Wọn kò ní rọ̀."

"Ṣé ó dá ọ lójú pé..."

"Má bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́ láyé."

Wọ́n wọlé, Oyèníkẹ́ sì buwọ́ lùwé. Lórí àtẹ̀gùn ni ó ti sunkún, kì í sì í ṣe ẹkún ayọ̀. Gbénró kò ní kí ó dákẹ́. Ó ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì sọ̀kalẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń bá a sọ̀kalẹ̀ bákan náà.

Oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan yà sọ́dọ̀ wọn. "Ìfàkọ̀ àbí Dópèmú?"

"Dópèmú," ni Oyèníkẹ́ wí. Ó nu ojú rẹ̀, ó dúró kí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ jókòó dáadáa, ó sì wọlé tẹ̀lé e.