Ibi Tí Màmá Àpínkẹ́ Kú Sí

Ọjọ́ tí Ọlárónkẹ́ gbé ìwé ikú ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé ni ara Yétúndé, ọmọ rẹ̀, kọ́kọ́ tutù. Kì í ṣe òtútù àìsàn. Ọmọ náà ń ṣeré, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ bí ìyá rẹ̀ ti fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ láti bọ́ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé ó fọwọ́ kan ìkòkò omi tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé. Bẹ́ẹ̀, oòrùn mú gan-an ní Bódìjà lọ́jọ́ náà. Ajá àwọn aládùúgbò pàápàá ti sá sábẹ́ mọ́tò.

"Ṣé òtútù ń mú ẹ ni, ọmọ mi?"

"Rárá, Mọ́mì. Kí lẹ gbé sínú báàgì yẹn?"

"Ìwé lásán ni."

Yétúndé wo báàgì náà títí.

Ẹbí Oyèkànmí, ọkọ Ọlárónkẹ́, fẹ́ tẹ ìwé ìtàn ìdílé wọn jáde. Nítorí pé olùkọ́ ni Ọlárónkẹ́, òun ni wọ́n ní kó máa wá ìwé ikú àwọn àgbà kiri. Ó ti rí ti gbogbo wọn gbà. Ti Màmá Àpínkẹ́, ìyá Oyèkànmí, nìkan ló kù. Àbíjàn ni Màmá ti ń ta aṣọ nígbà tí Àlàájì Gàfárù, tí wọ́n jọ ń ṣòwò, mú ìròyìn wálé pé wọ́n ti dolóògbé. Kò sẹ́ni tó lọ síbẹ̀ lọ wò ó. Wọ́n ṣe ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pa màlúù, wọ́n gbà pé ó parí. Oyún wà nínú Ọlárónkẹ́ nígbà náà. Nígbà tó bímọ, tó sì jẹ́ obìnrin, kò sẹ́ni tó tún ń ronú orúkọ. Ìyá ti padà wá. Yétúndé ni.

Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ òkú sílẹ̀, Shukurat, ọmọbìnrin tó jókòó nídìí tábìlì, gbé ojú sókè wò ó.

"Ibo ni wọ́n kú sí, mà?"

"Àbíjàn."

"Ẹni tó bá kú sí àdúgbò wa níbí nìkan la lè kọ, mà. Àfi kẹ́ ẹ wọkọ̀ lọ sí Àbíjàn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le. "Àti pé, ta ló rí òkú?"

Ọlárónkẹ́ gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ì bá ti fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀, àmọ́ àbúrò ọkọ rẹ̀ kan ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí Wásáàpù ẹbí pé ìyàwó tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, ìwé kan ṣoṣo ló bá a tì. Ó lọ bá Àlàájì Gàfárù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Ó ní kó bá òun búra ní kóòtù pé ìṣojú Àlàájì ni Màmá Àpínkẹ́ ti kú, ní ilé ọmọ wọn, ní Bódìjà.

Àlàájì ń fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. "Ìyàwó, ṣé kò léwu ṣá?"

"Àlàájì, ẹni tó ti kú ti kú. A kàn ń gbé ikú náà sún mọ́lé ni."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Àlàájì búra. Ọ́fíìsì tẹ ìwé náà jáde, ó mọ́ rekete, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Ìyẹn ni Ọlárónkẹ́ gbé wọlé sínú báàgì.

Láti ìgbà náà, ara ọmọ ò gbóná mọ́. Ọlárónkẹ́ ń fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, ó ń fi òrí pa á láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, ó ń wọ súwẹ́tà fún un nínú oòrùn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan.

"Ìyá Yétúndé, o ti ń dààmú jù," ni Oyèkànmí wí. "Ọmọ tó ń jẹ iyán tó báyìí? Àfi kó o mú un lọ fún ẹni tó ń ta yìnyín."

Ọmọ náà ti wá sọ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà di ibùjókòó. Yóò kọjú sí géètì, yóò ká ọwọ́ lé orúnkún, kò ní mira.

"Wọ́n ti dé Challenge," ó wí ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

"Àwọn wo?"

"Màmá àgbà. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n."

Ọlárónkẹ́ gbé e mọ́ra, kò sì sọ fún ọkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ náà tún ní, "Wọ́n ti dé Dùgbẹ̀." Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò tíì ṣú tí fóònù fi dún. Àlàájì Gàfárù ni, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ.

"Ìyàwó, mo rí i."

"Ta lẹ rí, Àlàájì?"

"Àpínkẹ́. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó pe orúkọ mi. Mo yáa ti ilẹ̀kùn. Akúdàáyà ni. Ó ti kú, ó wá lọ ń gbé ìlú onílùú bí alààyè. Tó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má ṣílẹ̀kùn o. Ẹ sọ fún un pé ó ti kú. Tí ẹbí rẹ̀ bá ti sọ ọ́ sí i létí, ńṣe ni yóò pòórá."

Ní ọjọ́ kẹta, Oyèkànmí ti lọ síbi iṣẹ́. Ètè Yétúndé funfun bí ẹfun, èékánná rẹ̀ ti ń dúdú, mímí rẹ̀ sì ń jìnnà síra.

"Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà wa, Mọ́mì."

Wọ́n kan géètì. Wọ́n rọra kàn án, bí ẹni tó mọ̀ pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé. Ọlárónkẹ́ yọjú lójú ihò géètì. Obìnrin àgbàlagbà kan ló dúró níbẹ̀, ó gbẹ, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé àpò ọ̀rá kan dání.

"Ìyàwó mi àtàtà."

Ẹnì kan ṣoṣo ló ti pe Ọlárónkẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé.

"Èmi ni. Mi ò kú. Àìsàn ló dá mi gúnlẹ̀, Gàfárù fi mí sílẹ̀ ní ọsibítù láìdúró wo bí yóò ṣe rí. Ìgbà tí ara mi yá, wọ́n ní ẹ ti ṣe òkú mi. Ojú tì mí. Ẹni tí wọ́n ti ṣe òkú rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ wọlé? Àmọ́ lẹ́nu ọjọ́ mélòó kan yìí, nǹkan kan ń fà mí wá sí ilé yìí bí ẹni so okùn mọ́ mi. Mi ò lè jẹun, mi ò lè sùn. Fún mi lómi mu, ìyàwó mi."

Òógùn ń ṣàn níwájú orí wọn. Eṣinṣin kan bà síbẹ̀, wọ́n fọwọ́ lé e. Ọlárónkẹ́ rí i. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára irin géètì. Ló bá wẹ̀yìn. Yétúndé dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé, ó di òpó mú kó má baà ṣubú. Bó bá jẹ́ ikú ni mo fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún ńkọ́, ni ó rò lọ́kàn. Ó mú ọwọ́ kúrò lára irin.

"Ẹ ti kú, Màmá," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ti kú."

Ó gbé ọmọ rẹ̀ wọlé, ó ti gbogbo ilẹ̀kùn, ó fi bíláńkẹ́ẹ̀tì bo àwọn méjèèjì. Ó ń gbọ́ géètì. Kíkàn náà ń lọ sílẹ̀, ó ń falẹ̀, títí ó fi dákẹ́. Bó ti dákẹ́ báyìí ni ooru bẹ̀rẹ̀ sí wọ àtẹ́lẹsẹ̀ Yétúndé. Ó gun orúnkún, ó gun ikùn, ó dé ọrùn. Òógùn bọ́ lára ọmọ náà. Ọlárónkẹ́ sunkún ayọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òótọ́ ni Àlàájì sọ. Ó ti pòórá.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó lọ ṣí géètì.

Màmá Àpínkẹ́ ò pòórá. Wọ́n jókòó, wọ́n fẹ̀yìn ti òpó géètì, àpò ọ̀rá wà lórí ẹsẹ̀ wọn, ojú wọn là sílẹ̀. Òógùn iwájú orí wọn ò tíì gbẹ tán. Èèrà ti ń gun ìka wọn.

Akúdàáyà kì í fi òkú sílẹ̀. Ẹlẹ́ran ara bíi tirẹ̀ ló tọrọ omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ilé ọmọ wọn, ní Bódìjà, ni wọ́n kú sí, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé. Ìbéèrè Shukurat sì ti ní ìdáhùn: Ọlárónkẹ́ ló rí òkú.

Ọwọ́ kékeré kan bà lé e lẹ́yìn. Ọwọ́ náà gbóná.

"Ìyàwó mi àtàtà," Yétúndé wí, láìbínú. "Kí ló dé tí o ò ṣílẹ̀kùn fún mi?"