Epo Tó Ń Kán Níbi Tí Bàálù Kò Sí

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí á ní orí mi ti dàrú. Kò burú. Àwọn tó ti sọ bẹ́ẹ̀ lójú mi pọ̀, mi ò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo da epo yẹn nù, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi gbé e. Ó wọ abẹ́ èékánná mi débi pé oṣù mẹ́ta gbáko ni gbogbo ohun tí mo bá fi sẹ́nu ń rùn bí epo. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ mi ni títún ẹ̀ńjìnnì bàálù ṣe. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ṣe é. Obìnrin méjì péré la wà ní háńgà wa, ìyẹn ilé ńlá onípáànù tí à ń ti bàálù sí láti tún un ṣe. Èkejì mi ni obìnrin tó ń gbálẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, àwọn ọkùnrin ń pè mí ní Ìyàwó Ẹ̀ńjìnnì, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí i pé mo mọ iṣẹ́ náà jù wọ́n lọ, wọ́n sọ mí di Ìyá Ẹ̀ńjìnnì. Ẹ̀rín sì tán lẹ́nu wọn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni èmi àti ẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́, Bọ̀dá Dì-í-kó-le. Ìnagijẹ ni. Ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, aláwàdà ni, kò sì sí páìpù epo tó dì rí tí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ó jò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin wa fún yín, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Epo ló ń gbé bàálù fò, epo náà ló sì lè jó o kanlẹ̀. Tó bá jò sára ẹ̀ńjìnnì tó gbóná, ó parí. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí a bá tú ojú páìpù epo, òrùka róbà tuntun la gbọ́dọ̀ fi sí i. Ti tẹ́lẹ̀ ò gbọdọ̀ padà síbẹ̀, kódà kó dà bí tuntun. Sípánà olódiwọ̀n la fi ń dì í. Tó bá ti le tó, sípánà náà á dún: kẹ́. A ó fi ọ̀dà pupa fa ìlà kọjá lórí rẹ̀, kí a lè mọ̀ bó bá yí. Lẹ́yìn náà, ẹni kejì á gun àkàbà, á fi ojú ara rẹ̀ wò ó. A ó tan ẹ̀ńjìnnì, a ó pa á, ẹni kejì yìí á fi aṣọ funfun nu ojú páìpù náà yíká. Bí aṣọ bá gbẹ, ó lè buwọ́ lu ìwé. Bí ẹ̀kán epo kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, bàálù ò ní kúrò nílẹ̀.

Èmi àti Bọ̀dá ti jọ ṣiṣẹ́ pẹ́ débi pé ẹni kejì kì í gun àkàbà mọ́. Ẹni tó wà lókè á dì í. Ẹni tó wà nílẹ̀ á dúró pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Sípánà á dún, kẹ́. Ẹni ìsàlẹ̀ á ní, "Mo gbọ́ ọ," á sì buwọ́ lùwé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, ó kàn mọ́ wa lára ni. Àwọn àgbà ní ìròyìn ò tó àfojúbà. A mọ òwe náà dáadáa, a tilẹ̀ máa ń fi kìlọ̀ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Mo ní àbúrò obìnrin kan. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá wa kú, èmi jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Èmi ni mo tọ́ ọ. Nígbà tó dàgbà, ó ní òun fẹ́ máa bá bàálù lọ, kóun máa tọ́jú èrò inú rẹ̀. Mo ní kó wá iṣẹ́ mìíràn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ta ló ń tún un ṣe? Ṣebí ẹ̀yin ni. Kí ló wá kù tí mo fẹ́ bẹ̀rù?"

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, kí n má parọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló ṣẹlẹ̀. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ó sì ti dá. Bọ̀dá di páìpù epo ẹ̀ńjìnnì ọ̀tún, èmi wà nísàlẹ̀. Kẹ́. Mo gbọ́ ọ. Mo buwọ́ lùwé. Wọ́n fa bàálù jáde, wọ́n kó èrò sí i. Àbúrò mi juwọ́ sí mi láti ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní agogo méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán, ó gbéra.

Àwọn yòókù lọ jẹun. Bọ̀dá wà lẹ́yìn háńgà, ó ń fọ ọwọ́. Mo dá wà. Mo ń to irinṣẹ́ padà sínú àpótí. Háńgà ńlá, tí kò sí bàálù kankan nínú ẹ̀, ó máa ń dákẹ́ jù.

Mo gbọ́ ọ.

Tó.

Mo rò pé òrùlé ló ń jò. Mo gbójú sókè. Páànù gbẹ, oòrùn ti ń tàn gba ojú ihò rẹ̀ wọlé.

Tó.

Mo rìn lọ síbẹ̀. Nílẹ̀, àbàwọ́n kan tutù, ó tó àtẹ́lẹwọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kàn án, mo gbé e sí imú. Epo bàálù ni. Mi ò tíì nàró nígbà tí ẹ̀kán mìíràn bọ́ sí mi lẹ́yìn ọwọ́.

Mo wò ó dáadáa. Ẹ̀kán náà ń yọ láti inú afẹ́fẹ́, ní ibi tó fi díẹ̀ ga ju orí mi lọ. Kò sí okùn, kò sí páìpù, kò sí nǹkan kan. Á yọ, á wú, á já. Mo na ọwọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ gbóná díẹ̀.

Ìlà ọ̀dà kan wà nílẹ̀ tí à ń to táyà bàálù sí. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà láti ibẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́fà. Ibi tí ẹ̀ńjìnnì ọ̀tún wà láàárọ̀ gan-an ni.

Mo pe Bọ̀dá. Ó sáré wọlé, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"Kí nìyí?"

"Epo ni."

"Mo mọ̀ pé epo ni! Ibo ló ti ń wá?"

Mo nawọ́ sókè. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ìlà nílẹ̀, ó tún wo òkè. Mo rí i tí àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà.

"O wò ó àbí?" ó ní. "Láàárọ̀. O gun òkè lọ wò ó?"

"Mo gbọ́ ọ," mo ní.

Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́.

"Mo fi róbà tuntun sí i. Ó dá mi lójú." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú."

Mo wo aago ọwọ́ mi, mo kà á. Ẹ̀kán méjìlá ní ìṣẹ́jú kan. Mo tún kà á. Ogún. Bọ̀dá dìde, ó gbé bàsíà irin kan sábẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ìyẹn ni wàhálà tó wà nílẹ̀.

Ẹ̀rù ò bà mí. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu títí dòní nìyẹn. Ara mi kàn kú ni, láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ń rí ara mi tí mo ń rìn lọ síbi fóònù ara ògiri, mo sì ń wò ó bí ẹni ń wo ẹlòmíràn.

Bọ̀dá dì mí lọ́rùn ọwọ́ mú.

"Kí lo fẹ́ sọ fún wọn? Pé epo ń kán láti inú afẹ́fẹ́? Wọ́n á ní o ti ya wèrè."

"Mi ò ní sọ ti afẹ́fẹ́."

"Kí wá ni wàá sọ?"

"Màá sọ pé mi ò wò ó."

"Láíséǹsì wa nìyẹn o. Ìyá Ẹ̀ńjìnnì, mo bẹ̀ ọ́. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní."

"Ẹyọ kan ni tèmi," mo ní, "ó sì wà lókè."

Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi.

Màdáámù tó ń bójú tó àyẹ̀wò bàálù ló gbé fóònù. Mo ní kí wọ́n pe bàálù náà padà. Mo ní èmi ni mo buwọ́ lùwé páìpù epo ọ̀tún, mi ò sì wò ó. Ó ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó gbé fóònù sílẹ̀ láìdágbére.

Ogójì ìṣẹ́jú ló gbà kó tó padà. Èmi àti Bọ̀dá dúró ti bàsíà. Nígbà tí a gbọ́ ìró rẹ̀ lókè, Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bàálù balẹ̀ wọ̀ọ́. Èrò ń bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń ṣépè, ẹnì kan ní òun á pàdánù ìpàdé òun. Mo rí àbúrò mi láàárín wọn, ó dúró ṣinṣin, gbogbo ara rẹ̀ pé.

Màdáámù fúnra rẹ̀ ló gun àkàbà. Wọ́n ṣí ìdérí ẹ̀ńjìnnì. Ó fi aṣọ funfun nu ojú páìpù náà yíká, ó pẹ́ lórí ẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé aṣọ náà sókè kí gbogbo wa rí i. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Ìlà pupa ò yí. Wọ́n tú u, wọ́n rí róbà tuntun níbẹ̀. Wọ́n wọn epo inú táǹkì, kò dín ju bó ṣe yẹ lọ.

Bọ̀dá bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti sọ fún ọ! Mo ti sọ pé mo fi tuntun sí i!" Ó ń gbá mi lẹ́yìn gbàù gbàù. "O ti tà wá lọ́fẹ̀ẹ́ o, Ìyá Ẹ̀ńjìnnì!"

Mo yísẹ̀ padà, mo sáré wọ háńgà.

Tó. Tó. Tó.

Màdáámù tẹ̀ lé mi wọlé. Ó dúró. Ó wo ẹ̀kán náà tó ń yọ, tó ń wú, tó ń já. Ó fi ìka gbà á, ó gbóòórùn ìka rẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ Bọ̀dá dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀. Màdáámù ò kígbe. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ gan-an.

"Bàálù mélòó lẹ̀yin méjèèjì ti ṣe báyìí?"

Ojú ìlà kan náà yẹn ni gbogbo wọn ń dúró sí. Gbogbo wọn, ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Epo náà lè jẹ́ ti èyíkéyìí nínú wọn.

A ṣí ìwé. Mọ́kànlélógójì ni. Òmíràn ṣì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Òmíràn, wọ́n ti tà á, ẹni tó rà á ti kùn ún ní ọ̀dà mìíràn, ó ti tún un tà. Màdáámù pe gbogbo ẹni tó lè pè. Méjìlélọ́gbọ̀n la rí. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n gbẹ. Ó ku mẹ́sàn-án. A pe títí, kò sẹ́ni tó gbé e.

Wọ́n gba láíséǹsì wa. Bọ̀dá lọ sílé, kò wá síbẹ̀ mọ́. Èmi, wọ́n ní kí n ṣì máa wá, torí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ sún mọ́ ibẹ̀. Iṣẹ́ tuntun mi ni kí n máa da bàsíà nù, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Kò dín, kò pọ̀ sí i. Wọ́n gbé bàálù sí ibòmíràn. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ máa ń yípo ibẹ̀ bí ẹni ń yẹra fún ajá tó ń sùn.

Àbúrò mi kẹ́rù rẹ̀ kúrò nílé mi. Kó tó lọ, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ọjọ́ yẹn nìkan, àbí?"

"Rárá."

"Gbogbo èyí tí mo ti wọ̀ ńkọ́? Gbogbo ọdún wọ̀nyí?"

"Gbogbo ẹ̀ ni."

Ì bá kígbe mọ́ mi, ì bá sàn. Ó kàn mirí, bíi pé mo sọ iye tí wọ́n ń ta nǹkan fún un. Kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbàkígbà tó bá balẹ̀, á pè mí. Á ní, "Mo ti balẹ̀." Lẹ́yìn náà á ní, "Ó ṣì ń kán?" Màá ní, "Ó ṣì ń kán." Á gé fóònù. Oṣù mẹ́ta la fi ń kí ara wa báyẹn, mo sì dúpẹ́ pé ó ń pè.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, mo jókòó ti bàsíà. Ẹ̀kán kan yọ. Ó wú. Ó wà bẹ́ẹ̀, kò já. Mo rí oòrùn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kò sí níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò bọ́ sílẹ̀.

Mo dúró wákàtí kan. Kò sí ìró kankan. Mo lọ sọ fún wọn. Ni gbogbo wọn bá ya wọlé. Wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́ sókè.

"A dúpẹ́ o! Ìyá Ẹ̀ńjìnnì, ẹ ò ní dúpẹ́ ni?"

Aago ni mò ń wò. Àbúrò mi wà lókè. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú tí àkókò tó yẹ kó balẹ̀ ti kọjá. Mo di fóònù mú, mo kàn ń wò ó.

Ó dún.

"Mo ti balẹ̀," ó ní.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú epo.

"Ó ṣì ń kán?"

"Ó ti dá," mo ní. "Láti agogo méjì."

Mo ń gbọ́ èrò tó ń fa báàgì kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ènìyàn tiwa ṣì ń dúpẹ́ lókè orí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ṣé ẹnì kan ti bá wọn dì í ni, àbí epo inú bàálù náà ló tán?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, kò gé fóònù. Èmi náà ò gé e.