Ẹnu Ni Mo Gbá

"Tún un fọn." Ẹnjiníà tó ń gba ohùn wa sílẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì, ìgbà kẹrin nìyẹn. Mo gbé fèrè idẹ mi sẹ́nu. Ohùn òkè tí mo ń wá yẹn tún fọ́ bí àwo.

Afínjú ni wọ́n ń pe fọnfèrè tó jókòó tì mí. Áńkáṣíìfù funfun ló fi ń nu fèrè tirẹ̀ bí ẹni ń nu ọmọ tuntun. Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ṣé kí wọ́n bá ẹ wá ìgò tí wàá máa fọn? Ṣebí bàbá ẹ ló fà ẹ́ wọlé."

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà yẹn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí wá fọn fèrè sínú rẹ́kọ́ọ̀dù jáàsì nìyẹn. Bí mo bá ṣe é re, àga fọnfèrè nínú ẹgbẹ́ yẹn á di tèmi. Bàbá mi náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú fèrè gígùn tó ń fà síwá-sẹ́yìn. Ọdún méjìlélógún ló ti ń fọn ọ́n sínú rẹ́kọ́ọ̀dù olórin yìí àti tọ̀hún, orúkọ ẹ̀ ò sí lára páálí rẹ́kọ́ọ̀dù kankan. Òfin kan ṣoṣo ló fún mi: "Bí wọ́n bá bú ẹ, bú wọn padà. Bó bá le jù, ta wọ́n nípàá nídìí. Ẹnu nìkan ni o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ètè la fi ń jẹun níbí."

"Àbí ètè ìwọ náà ti gbó bíi ti bàbá ẹ ni?" ni Afínjú tún wí.

Mo gbé fèrè mi sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo wá fún un lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu.

Ètè rẹ̀ là. Eyín kan bọ́ sórí áńkáṣíìfù funfun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń lu dírọ́ọ̀mù fò dìde, ó fa irin tó gbé máìkì dúró yọ, ó dojú kọ mí. Bàbá mi bọ́ sáàárín wa.

"Má fọwọ́ kan ọmọ mi."

Irin náà bá a lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ bo ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó ṣubú lu fèrè ara ẹ̀, ẹ̀gbọ́n Afínjú sì tún ti gbé irin sókè kí Ẹnjiníà tó já wọlé gbá a mú.

Ètè Afínjú san láàárín oṣù mẹ́ta, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ti bàbá mi ò san. Odidi ọdún kan ló fi ń gbé fèrè sẹ́nu láràárọ̀. Atẹ́gùn lásán ló ń jáde. Èmi náà, kò sẹ́ni tó pè mí mọ́. Ta ló fẹ́ gbé ètè ẹ̀ wá jókòó tì mí?

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ò dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹnjiníà fún mi ní ohun tó gbà sílẹ̀: fèrè mi tó fọ́, ẹ̀ṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ bàbá mi, irin. Mo bi bàbá mi bóyá kí n pa á rẹ́.

"Fi í sílẹ̀." Ètè ẹ̀ ò ká ọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. "Nínú gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù tí mo ti ṣe, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti gbọ́ ohùn mi gan-an."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, mi ò ní bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má jà. Ká ní mo fọn ohùn yẹn dáadáa lẹ́ẹ̀karùn-ún ni, Afínjú ìbá panu mọ́ fúnra ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ ni mo yàn. Ẹnu bàbá mi ló padà sí.