Òṣùwọ̀n Ọwọ́ Meeri

Orí ni Touko kọ́kọ́ rí. Orí obìnrin kan tó dé fìlà òwú pupa ló yọ láti inú ihò dúdú láàárín adágún tó ti dì gbagidi. Lẹ́yìn náà ni èjìká yọ, tí gbogbo obìnrin náà sì gun àkàbà igi jáde sórí yìnyín, tí èéfín ń rú lára rẹ̀ bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Kò sáré, kò sì gbọ̀n. Ó ń rìn bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó lọ kí aládùúgbò rẹ̀.

Touko dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ooru tó wà létí adágún, níbi tí wọ́n ti ń làágùn kí wọ́n tó wọ omi tútù, ó ró tówẹ̀lì mọ́dìí, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ìlú Turku tó jìnnà, lápá gúúsù, ló ti wá. Ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn ilé ìwòsàn ṣe àkọsílẹ̀ aláìsàn ló gbé e wá sí Iisalmi, ní agbègbè Savo tiwa, kò sì tíì mọ̀ pé àwa ará Savo kì í dáhùn ìbéèrè tààrà.

"Ṣé omi yẹn tutù?" ló bi í.

Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ó lè tutù, ó sì lè má tutù. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ló mọ̀."

"Ìwọ ṣáà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀ ni."

"Tèmi ni mo wọ̀. Tìẹ ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

Touko wọ omi náà. Igbe tó ké pa àwọn àgbàlagbà inú ilé ooru lẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ló na ọwọ́ sí i, tó fà á jáde. Meeri lorúkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí Ọjọ́bọ̀ kan tí Touko ò dé etí adágún, kì í sì í ṣe nítorí omi.

Bí wọ́n bá jáde nínú ooru, wọ́n á jókòó ti kọfí àti búrẹ́dì aládùn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ títí irun wọn á fi gbẹ. Nígbà tí yìnyín yọ́, wọ́n jọ wa ọkọ̀ ojú omi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n jọ já èso inú igbó, ètè àwọn méjèèjì dúdú bíi tọmọdé. Kó tó di pé òtútù padà, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa gbígbé inú ilé kan náà.

Akọ̀wé dókítà ni Meeri, ilé iṣẹ́ kan náà ló ń gbé iṣẹ́ fún un. Bí dókítà bá yẹ aláìsàn wò tán, á sọ ohun tó rí sínú ẹ̀rọ, ohùn yẹn á sì dé etí Meeri nínú ilé rẹ̀, òun á tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Iye ìṣẹ́jú ohùn tó bá tẹ̀ ni wọ́n fi ń sanwó fún un. Ó mọ dókítà tó máa ń mí kanlẹ̀ kó tó sọ ìròyìn burúkú, ó sì mọ èyí tó máa ń jẹ ápù lé ọ̀rọ̀ lórí. Iṣẹ́ Touko sì ni láti kọ́ ẹ̀rọ kan tí yóò máa gbọ́ ohùn náà, tí yóò sì máa kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí ilé iṣẹ́ sọ fún wọn ni pé ẹ̀rọ á kọ́kọ́ kọ ọ́, akọ̀wé á wá tún un ṣe, iṣẹ́ á fúyẹ́. Touko gbà wọ́n gbọ́. Ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó máa ń tètè gba nǹkan gbọ́.

"Ẹ̀rọ rẹ yìí," Meeri á ní, "dókítà wúkọ́ lánàá, ó ní aláìsàn ló ń wúkọ́."

"Bá mi kọ́ ọ, olùkọ́ mi."

"Kí lo máa san?"

"Màá fi ara mi san."

"Ìyẹn ò tó nǹkan. Ṣáà gbé e wá."

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lórí igi, ilé iṣẹ́ ní kí gbogbo akọ̀wé fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ wò, kí wọ́n lè mọ bí àtúnṣe ṣe ń pẹ́ tó. Wọn ò lo orúkọ, nọ́ńbà ni wọ́n fún oníkálukú. Meeri gbé ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí, kò sì gbé e kúrò. Kò mu kọfí, kò na ẹ̀yìn, oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ di tìrọ̀lẹ́. Ìfẹ́ ló ń sá eré yẹn. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ Touko dára lójú ọ̀gá rẹ̀, ó sì rò pé bó bá dára fún Touko, á dára fún àwọn méjèèjì.

Nígbà tí Touko kó àbájáde jọ, ó rí nọ́ńbà kan tó yára ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé Meeri ni, inú rẹ̀ sì dùn. Àfi ìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ fi ìka sórí nọ́ńbà náà, tó ní òun ni àwọn á fi ṣe òṣùwọ̀n, pé bí ẹnì kan bá lè tún ọ̀rọ̀ ṣe ní ìlàjì àkókò, owó gbogbo wọn gbọ́dọ̀ di ìlàjì. Touko ní ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn, pé àwọn yòókù kì í yára bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ní kó kọ ohun tí wọ́n ní kó kọ. Ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ó ń lọ sílé Meeri bó ṣe máa ń lọ, ó ń jẹ ọbẹ̀ ẹja rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Ó ń wá ọjọ́ tó dáa tí òun á sọ ọ́. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì í dé.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kéde owó tuntun náà fún àwọn akọ̀wé lójú kọ̀ǹpútà, ó sì fi ẹ̀rín músẹ́ yin akọ̀wé kan tó fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Meeri ò nílò kí ẹnikẹ́ni dárúkọ. Ó wọ bàtà, ó lọ bá Touko.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?" ló bi í.

"Láti ìgbà tí ewé ti ń já bọ́."

"O sì ń jẹun nílé mi."

"Mo ń jẹun."

"Nítorí tìẹ ni mo ṣe yára, Touko. O mú iṣẹ́ tí mo fi ìfẹ́ ṣe, o fi lu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi."

Meeri ní kó má dé ọ̀dọ̀ òun mọ́, ó sì sunkún títí dé ilé. Owó tó dín dùn ún, ṣùgbọ́n oúnjẹ yẹn ló dùn ún jù: ọkùnrin tó fẹ́ bá dàgbà jókòó tì í lójoojúmọ́, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì mọ́ oúnjẹ. Kò mọ̀ bóyá òun lè tún gba ohùn ọkùnrin náà gbọ́ láyé.

Ẹni tó kọ́ Meeri níṣẹ́ ni Hellevi, obìnrin àgbà tí ìka rẹ̀ ti ń le. Pẹ̀lú owó tuntun náà, bó bá ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, kò lè san owó ilé. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí Kérésìmesì tó dé. Meeri lọ bẹ̀ ẹ́.

"Àǹtí Hellevi, ọwọ́ mi ni wọ́n fi wọn yín."

"Mo mọ̀," ni Hellevi wí. "Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n jókòó, kọfí ti hó." Wọ́n jọ mu ún, Meeri sì ń lọ síbẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀ láti ìgbà náà.

Àlàáfíà ò sí fún Touko náà. Ó tún àbájáde náà kó jọ, ti gbogbo akọ̀wé pátá, àti ti àwọn dókítà tí ohùn wọn ò já gaara. Ó hàn gbangba pé ẹni tó fẹ́ tún un ṣe dáadáa gbọ́dọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, nítorí ẹ̀rọ náà kì í ṣiyèméjì, ì báà kọ òdodo, ì báà kọ àṣìṣe. Ó gbé e lọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ilé ìwòsàn tó ń gbé iṣẹ́ fún wọn. Ilé iṣẹ́ lé e. Owó àwọn akọ̀wé gòkè díẹ̀, kò dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ilé ìwòsàn sì ti ń sọ ọ́ pé bó bá yá, àwọn dókítà á máa tún tiwọn ṣe fúnra wọn.

Hellevi ló gbọ́ ìròyìn náà látẹnu ẹgbẹ́, òun ló sì sọ ọ́ fún Meeri, nígbà tí oṣù kejì ń parí lọ.

"Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́," ni obìnrin àgbà náà wí. "Touko pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ó sì ti fi oúnjẹ ẹnu ẹ̀ san án. Ó ń lọ sí Turku lọ́la. Ṣé o mọ ọjọ́ tí ọ̀la jẹ́?"

Meeri mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ni, ọjọ́ tó ń dé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, tí àṣà wa gbà kí obìnrin fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọkùnrin pé kó fẹ́ òun. Ọkùnrin tó bá kọ̀ á ra aṣọ síkẹ́ẹ̀tì fún un. Meeri ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Touko ń kó àpótí sínú ọkọ̀ nígbà tí Meeri dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Yìnyín ń bọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ta ló rán ọ kó o lọ sọ òtítọ́?" ló bi í.

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Ó sì pẹ́ jù. Hellevi ò lè padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Kò lè padà," ni Meeri wí. "Ojoojúmọ́ ló ń dùn mí. Ọwọ́ mi ló yá jù, ẹnu tìẹ ló dákẹ́ jù. Àwa méjèèjì la jọ ṣe é, Touko, mi ò sì fẹ́ máa dá a rù."

Touko gbé àpótí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ kún fún omi.

"Fẹ́ mi," ni Meeri wí.

Touko ní òun ò níṣẹ́, òun ò nílé, àti pé lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀rọ náà lè gba ìyókù iṣẹ́ Meeri. Ó bi í pé kí ló fẹ́ fi òun ṣe. Meeri ní òun ò bi í ní ohun tó ní.

"Bí mo bá kọ̀ ńkọ́?"

"Wàá ra aṣọ. Òwú dáadáa ni o, kì í ṣe èyí tó ń yúnni lára."

"Meeri, mi ò lówó aṣọ."

"Mo mọ̀," ni Meeri wí. "Ìdí tí mo fi wá lónìí nìyẹn."

Touko ò lè rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní òun gbà, ó sì tún un sọ kó lè dá a lójú. Lẹ́yìn náà, wọ́n jọ kó àwọn àpótí náà lọ sílé Meeri.