Ìdáhùn Afínjú

Ẹsẹ̀ àga mẹ́rin ló kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, wọ́n kọjú sókè. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin tó ru àga náà yọ, ó ń làágùn, ẹ̀rín sì gba gbogbo ojú rẹ̀. Èrò tẹ̀ lé e. Wọ́n kún ìta ṣọ́ọ̀bù, wọ́n na fóònù sókè, wọ́n ń pariwo, "Ẹnudùn! Ẹnudùn!"

Ọmọbìnrin tó jókòó sílẹ̀ gbójú sókè, ìṣó kéékèèké wà láàárín ètè rẹ̀. Òun àti bàbá rẹ̀ ló ń tún àga ṣe níbẹ̀, wọ́n ń pààrọ̀ tìmùtìmù, wọ́n ń fi aṣọ tuntun bò ó. Nítorí bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe máa ń mọ́, Afínjú ni àwọn oníbàárà ń pè é.

Ó yọ ìṣó lẹ́nu. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí lẹ jí tí wọ́n fi ń lé yín?"

"Ẹ ò mọ̀ mí?"

"Ṣé ó yẹ kí n mọ̀ yín ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnìkan ti wo ojú rẹ̀ bí ojú àlejò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Láyé ijọ́hun, kí òkìkí èèyàn tó kàn débi gbogbo, àfi kó jagun, kó jọba, tàbí kó kọrin káàkiri. Ẹnudùn kàn jókòó sórí àga yìí nínú yàrá ìyá rẹ̀, ó ń sọ ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín sínú fóònù, àwọn tó wà lókè òkun sì ń pè é ní ọmọ àwọn. Aláìsàn ń ti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ́rìn-ín nítorí rẹ̀. Kàyéfì gbáà ni.

Àga náà gan-an ti di olókìkí. Afínjú ò mọ̀. Ó fa aṣọ pupa gbígbó tó wà lára rẹ̀ ya, ó fi aláwọ̀ ewé bò ó, ó rò pé òun ṣoore. Nígbà tí Ẹnudùn fi ara hàn lórí rẹ̀, ayé gbiná. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń bínú, àwọn kan ní àwọn sunkún.

Ẹnudùn padà wá sí ṣọ́ọ̀bù. "Wọ́n ní kí n bi yín, aṣọ pupa wa dà?"

"Mo ti fi nu ilẹ̀."

"Ẹ gbà mí o! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́."

Láti ìgbà náà, ó ń wá láìsí àga tó bàjẹ́. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń na aṣọ kó má hunjọ, ó ń fi òòlù gbá àtàǹpàkò ara rẹ̀. Afínjú á fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á tún fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí ìka náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ ṣe wọlé.

Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn ọmọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. "Ọmọ mi, gbogbo ayé ló ni ẹni yìí. Ṣé ó máa ṣẹ́ kù fún ẹ báyìí?"

Ẹnudùn ò rí ohun dídùn kan rí kó má fi han àwọn olólùfẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé fóònù sórí tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù, ó tan fídíò tí gbogbo èèyàn ń wò lójú ẹsẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú Afínjú.

"Òdodo mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Afínjú la ẹnu. Kí ohùn tó jáde, ìdáhùn àwọn tó ń wò ti ń rọ́ gba ojú fóònù kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni! Ó ti gbà! Ẹ kú oríire! Ẹnìkan ti ń sọ ọmọ wọn lórúkọ. Ó jọ pé òun nìkan ni kò tíì sọ nǹkan kan. Ó pa fóònù náà.

"Kí ni mo ṣe?" Ẹnudùn béèrè.

"Èmi lo bi, àwọn lo jẹ́ kó dáhùn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi, wọ́n ti gbà á lẹ́nu mi." Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Máa lọ."

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí bú Afínjú. Wọ́n ní agbéraga ni. Àjèjì ń wá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ayé ń bi Ẹnudùn pé, "Kí ló sọ?"

Ó fèsì lẹ́ẹ̀kan péré: "Ti èmi àti òun nìyẹn, kì í ṣe tiyín. Ẹ má bú u mọ́." Àwọn olólùfẹ́ bínú, wọ́n ń ṣí lọ sọ́dọ̀ aláwàdà mìíràn. Òkìkí tó kún bí omi òkun ń fà lójú rẹ̀. Síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀.

Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Bàbá ló ṣílẹ̀kùn. Ẹnudùn dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Fóònù ẹ dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ ìyá mi, sà."

Bàbá ní kó wọlé bá Afínjú, òun mú agbòòrùn, ó jáde sínú òjò, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá wò," Ẹnudùn sọ. "Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó ń ba èmi náà. Bi mí."

Ó bi í. Kò sí ẹni tó dáhùn fún un. Òjò nìkan ló ń rọ̀. Afínjú fara balẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó sì sọ ọ́.

Ohun tó sọ ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ. Mo gbọ́ ọ, torí kò sóhun tó pamọ́ fún ẹni tó ń sọ ìtàn. Ẹ má bi mí. Wọ́n ti ṣègbéyàwó, ìyẹn tó yín. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ni ọ̀rọ̀ tó kù.